Ìjà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Jà

Òórùn ìpara gbígbóná ni ilé wa ní Ṣógúnlé máa ń rùn lọ́dún náà. Ìpara tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń pa èjìká àti ìhà lẹ́yìn ìdánrawò ni. Ó máa ń ta èèyàn nímú láti ẹnu ọ̀nà, ó ti wọ inú ìrọ̀rí, ó wọ aṣọ tí a sá sórí okùn, kódà ó wọ ìbòrí tí Ìyá fi ń kírun. Àwọn ará ilé kejì kì í bi wá mọ́ pé ta ni ara ń ro, wọ́n ti mọ̀ pé akànṣẹ́ ń gbé ibẹ̀. Mo máa ń fi òórùn yẹn yangàn. Bí mo bá wọ ọkọ̀, tí ẹni tó jókòó tì mí bá ń yínmú, inú mi á máa dùn, mo ń retí kó bi mí pé kí ló dé, kí n lè ráyè sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jà fún bẹ́líìtì ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Ọjọ́ orí wa sún mọ́ra débi pé mi ò fi "ẹ" pè é rí, Ìyá bá mi jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ìsẹ́yìn ni Ìyá ti wá. Ike ni wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Apakun, garawa, ọpọ́n, abọ́, pàápàá bútà tí àwa mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá, gbogbo ayé ló sì ń pè wọ́n ní Ìyá Oníke. Èmi ti jáde ní polí nígbà yẹn, iṣẹ́ ò tíì sí, mo ń bá wọn jókòó sídìí ọjà. Nígbà tí ọjà kì í sì í yá lọ́sàn-án, mo sọ ara mi di akọ̀ròyìn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Fóònù mi ni iléeṣẹ́ ìròyìn, àpótí tí mo jókòó lé lábẹ́ agbòjò ni ọ́fíìsì.

Kò sí ìjà bẹ́líìtì kan tó ń bọ̀ lágbàáyé tí mi ò mọ̀. Mo mọ ẹni tó ń bú ẹnìkejì ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo mọ ẹni tí wọ́n ní ó ń sá fún ẹnìkejì ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, mo mọ èyí tí wọ́n sún síwájú nítorí pé ẹnìkan fi ọwọ́ rọ́. Bí wọ́n bá kéde ìjà kan lónìí, wọ́n á sún un lọ́la, wọ́n á tún kéde ẹ̀ bíi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Nírọ̀lẹ́, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi iyọ̀, èmi á jókòó tì í, máa ka gbogbo ẹ̀ sí i létí. Mo tún ṣí ojú ewé kan fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ń pè é ní abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ka ìròyìn eré ìdárayá ṣe máa ń sọ ọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ará Gánà tí wọ́n jọ fẹ́ jà kì í sùn mọ́ nítorí ìbẹ̀rù, kò sì sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi tí mi ò lè wo ibi tí wọ́n ti ń pa adìẹ, èmi ni mo ń kọ ọ́ pé a ó ká ẹlòmíì léyín.

Wọ́n lẹ àwòrán ẹ̀ káàkiri. Ní Àgọ́ Palace, kò sí òpó iná tí kò sí lára ẹ̀. Ó ká apá méjèèjì sójú àyà, wọ́n sì ti fi kọ̀ǹpútà mú kí apá náà tóbi ju bí Ọlọ́run ṣe fún un lọ. Ìyá wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Wọ́n dúró síwájú báǹkì kan, wọ́n wo àwòrán náà títí, wọ́n ní, "Wọn ò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀yìn ọgbà àwọn panẹ́bítà ní Ṣógúnlé níbẹ̀ ni jíìmù tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ wà. Táyà ọkọ̀ ńlá àti àpò tí wọ́n kó àkísà sí ni wọ́n ń lù, bí bàálù bá sì ń balẹ̀ lókè orí wọn, Kóòṣì á dákẹ́ títí ariwo ẹ̀ á fi lọ. Ará Oǹdó ni Kóòṣì, wọ́n ti kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà èwe wọn. Ọ̀rọ̀ máa ń falẹ̀ lẹ́nu wọn, àwọn tí kò mọ̀ wọ́n sì máa ń rò pé ọtí ni, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fẹnu kan ọtí. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi ń wá ọmọ kan ṣoṣo tó máa dé ìdí bẹ́líìtì, ẹ̀gbọ́n mi sì ni ọmọ náà.

Ẹnìkan tún wà tó máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi dánra wò. Òkè-Àfà ni ilé ẹ̀ wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá ẹ̀, ará Èkìtì, onígbàgbọ́ tòótọ́. Ọmọ Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó sanra ju ẹ̀gbọ́n mi lọ díẹ̀, ó yẹ kó máa jà pẹ̀lú àwọn tó wúwo bíi tiẹ̀, nítorí ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín akànṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é síjà gidi rí. Ilé wa ni ó ti máa ń jẹun lẹ́yìn ìdánrawò. Ó ń pe Ìyá ní Alhájà, Ìyá tí kò tíì rí Mẹ́kà àfi nínú kàlẹ́ńdà, inú wọn á dùn, wọ́n á tún bu ẹran kún tiẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ṣe. Mo ń fi fóònù ya fídíò wọn. Ọmọ Tíṣà ju ẹ̀ṣẹ́ kan, ó bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bàá etí, orúnkún ẹ̀ yẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Kíá ló dìde, ló bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Ọmọ Tíṣà gan-an dì mọ́ ọn, ó ń kí i pẹ̀lẹ́. Mo gbé fídíò náà sójú ewé wa, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé irin ni orí ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn èèyàn fọwọ́ sí i dáadáa.

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣáájú wa kírun nínú ilé. Òun á wà níwájú, èmi àti Ìyá á tò sẹ́yìn. Ráká méjì, ìyẹn ìdúró àti ìforíkanlẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, ni ìrun Àsùbá, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé-kéú láàárọ̀ yìí mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, a parí ráká kejì, ó yẹ kó jókòó, ló bá dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíà. Áfáà tó kọ́ wa ní kéú sọ pé bí ẹni tó ń ṣáájú bá ṣàṣìṣe, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn á fi ohùn rán an létí, ṣùgbọ́n obìnrin kì í fọhùn, ọwọ́ ló máa fi gbá ẹ̀yìn ọwọ́ kejì. Ìyá gbá ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń kà á lọ. Èmi náà gbá tèmi, ó le ju ti Ìyá lọ. Ó dúró, ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ láti òkèèrè, ó wá jókòó. Lẹ́yìn ìrun, Ìyá ní kò sí ẹni tí kì í gbàgbé, ẹlẹ́ran ara ni gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, ó ké ìrun Màgàríbà kúrú. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, ó ń kí Ìṣáì lọ títí, bí ẹni tó wọ ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó máa sọ̀ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àtẹ́wọ́ inú ilé wa pọ̀ ju ti òde ìgbéyàwó lọ. Mo kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín sínú, nígbà tó yá, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí mo bá ń forí kanlẹ̀, iye tí a ti kí ni mò ń kà, mi ò gbàdúrà kankan mọ́.

Ìyá ò ro àìsàn. Bí ẹ bá tọ́ wọn dàgbà ní irú ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà, ẹ̀yin náà ò ní rò ó. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ bá kúrò lórí ìrun, ayé ló wọ ọkàn náà, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi jókòó.

"Bẹ́líìtì lò ń kírun sí," ni wọ́n sọ fún un. "Kì í ṣe Ọlọ́run. Òun lo gbé síwájú tí ò ń forí kanlẹ̀ fún."

"Ẹ má bínú, Ìyá mi."

"Ọlọ́run ni kóo lọ bẹ̀, kì í ṣe èmi."

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ áfáà, áfáà gbàdúrà sínú omi, ó mu ún, ó fi ìyókù wẹ̀. Èmi náà fi tèmi kún un. Mo wàásù fún un bí ẹni tó ti hajì bọ̀, mo ní kó jẹ́ ká dẹwọ́ ìròyìn ìjà díẹ̀ nínú ilé. Gbogbo ohun tí a sọ ló gbà. Ohun tó yẹ kó ti já wa láyà nìyẹn, nítorí ẹ̀gbọ́n mi tí mo mọ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó tún ń wé aṣọ tútù mọ́rí lọ́sàn-án, ó ní oòrùn ni.

Ìyá wá rán mi sí Kóòṣì. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí Kóòṣì máa jẹ́ kó tètè wálé, kó lè máa kí Alásàrì lákòókò, bóyá ọkàn ẹ̀ á padà. Mo bá Kóòṣì níbi tí wọ́n ti ń rán ìbọ̀wọ́ kan tó ya. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mo sì ṣàlàyé ìdí ẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n mi ń ṣi ìrun kí. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ wọn.

"Ṣì í kí báwo?"

"Iye tó ti kí ló máa ń gbàgbé, sà. Ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ kì í kírun."

"Mi ò kírun," ni Kóòṣì sọ, "ṣùgbọ́n mo mọ gbígbàgbé. Ìgbà wo ló stáàtì?"

"Ọjọ́ Àìkú tó lọ."

"Ẹ̀yìn Sátidé yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àfìgbà tí mo dáhùn tán ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ èmi gan-an létí. Kóòṣì ṣí fìlà, wọ́n gbé e sórí orúnkún. Wọ́n ní, "Ìjà kan wà tí mo jà nígbà tèmi. Mo délé, mo wẹ̀, mo jẹun, mo wá bi ìyàwó mi pé aago mélòó la máa lọ jà. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe." Wọ́n wo àwòrán ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, wọ́n wò ó pẹ́. Mo mọ ohun tó ń jà nínú wọn. Bí wọ́n bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ọmọ wọn á dé ìdí bẹ́líìtì lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n lè dákẹ́. Wọ́n ní, "Lọ pè é wá. Ní báyìí."

Wọ́n ya àwòrán orí ẹ̀ nílé ìwòsàn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ń sun díẹ̀díẹ̀ sínú awọ tó bo ọpọlọ, pé tó bá gba ẹ̀ṣẹ́ kan sí i síbẹ̀, ó lè máà dìde mọ́. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n tọ́jú ẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti parí fún un láyé. Ìyá tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kọ́rídọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé àwọn ní bẹ́líìtì ló ń kírun sí, àwọn bá ẹni tí orí ń fọ́ wí.

Ẹ ó rò pé ẹ̀gbọ́n mi á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tó délé, ó wò mí lójú, ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní ìrun tí a ń kí nínú yàrá wa ni mo lọ ń rò fún ẹni tí kì í kírun. Ó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹn ì bá gbẹ fúnra ẹ̀, pé gbogbo akànṣẹ́ ló ní i. Láti ọjọ́ náà, mọ́sálásí ló ti ń kírun, ó fi èmi àti Ìyá sílẹ̀ nínú ilé. Mi ò bẹ̀ ẹ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, bí wọ́n bá sì tún dá mi padà síbẹ̀, màá tún sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, irọ́ ni mo máa pa tí mo bá ní kò dùn mí. A jọ ń gbé ilé kan, ó ń kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ kó tó kàn mí.

Àyè tí ẹ̀gbọ́n mi kúrò níbẹ̀ ò ṣófo. Àwọn tó gbé ìjà náà kalẹ̀ ti ta ìwé ìwọlé, àwòrán ti wà níta, wọn ò fẹ́ sún un. Wọ́n gba ẹ̀yìn Kóòṣì, wọ́n lọ bá Ọmọ Tíṣà. Kóòṣì ní rárá, pé ara ẹ̀ wúwo ju ti ìjà yẹn lọ, pé ọjọ́ tó kù ò tó láti fi dín ìwọ̀n ara ẹ̀ kù. Ọmọ Tíṣà bá wá sílé wa. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná dání, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni pé ìyàwó ló wá tọrọ.

"Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì ju ẹni tó ń wé báńdéèjì lọ nígbà yẹn. Ó ní, "Lọ gbà á. Kí bẹ́líìtì yẹn má bọ́ kúrò ní jíìmù wa." Ìyá gbé ọwọ́ lé Ọmọ Tíṣà lórí, wọ́n gbàdúrà fún un. Mo rí i bí ojú ẹ̀ ṣe ń dán. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìwọ̀n tó fẹ́ dín kù náà ló tìtorí ẹ̀ ń sáré kiri lóòrùn. Ó wọ ọ̀rá sábẹ́ aṣọ òtútù, ó ń sáré láti Òkè-Àfà dé Àgọ́ Palace, ó ń kọjá lára àwòrán ẹ̀gbọ́n mi tí wọn ò tíì ráyè já kúrò. Ó yà sídìí ọjà wa ní Apakun lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ojú ẹ̀ ti jìn, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti yọ. Ìyá fún un lómi tútù. Ó bù ú sẹ́nu, ó fi ṣan ẹnu, ó tu gbogbo ẹ̀ dànù sójú gọ́tà, ó ní omi gan-an ní ìwọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín. A bá a rẹ́rìn-ín, a kò mọ ohun tí à ń wò.

Ó wọn ara, ó bá a mu. Gbogbo jíìmù pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi lọ wo ìjà náà, èmi náà lọ, a jókòó síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ Tíṣà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó lé ará Gánà yẹn kiri, mo sì gbé fóònù sókè bí mo ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Kò gba ẹ̀ṣẹ́ tó le lọ títí, ẹ̀ṣẹ́ tí ẹni tó ti jẹun, tó ti mu omi lè gbà dúró ni. Nígbà tí aago dún, ó rìn padà sí kọ̀rọ̀ ẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, kò sì dìde. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń fo àga kọjá, tó ń pariwo pé kí wọ́n wá dókítà. Orúkọ ara ẹ̀ ló ń pè. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀.

Ọmọ Tíṣà ò kú. Wọ́n la orí ẹ̀ nílé ìwòsàn, ó pẹ́ níbẹ̀, wọ́n gbé e wálé. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ tó sì lè sọ ò pọ̀. Kóòṣì ti jíìmù pa. Ó ti di ibi tí àwọn panẹ́bítà ń kó ilẹ̀kùn ọkọ̀ àlòkù sí báyìí.

Ọdún ti gorí ọdún. Ìyá ti padà sí Ìsẹ́yìn, èmi ti lọ́kọ, mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kan ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta páátì ọkọ̀ ní Ṣógúnlé, ara ẹ̀ le, ó ń kí mi dáadáa. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó máa ń lọ sí Òkè-Àfà nígbà tí Màmá Tíṣà, ìyá Ọmọ Tíṣà, bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ń fá irùngbọ̀n fún un, ó ń gbé e jókòó síta. Kò sẹ́ni tó ní kó máa ṣe é. Ìròyìn ẹ̀ṣẹ́ ṣì ń wọlé sórí fóònù mi láìjẹ́ pé mo bèèrè ẹ̀, pé ìjà ńlá ń bọ̀, pé ẹnìkan ní òun máa pa ẹnìkejì òun sórí ríìngì. Mo máa ń fi ìka tì í kọjá.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ láìpẹ́ yìí. Màmá Tíṣà ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, orúnkún ń dùn wọ́n. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wà nínú ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀, èmi jókòó ti màmá nínú kíṣìnì, à ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ṣàdédé bi mí pé, báwo la ṣe mọ̀ nígbà yẹn pé ara ẹ̀gbọ́n mi ò yá. Mo sọ fún wọn. Mo sọ bí a ṣe ń gbá ọwọ́ lẹ́yìn ẹ̀, bí Ìyá ṣe rò pé ayé ló wọ ọkàn ẹ̀, àti bí wọ́n ṣe rán mi níṣẹ́ sí Kóòṣì. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, ọwọ́ wọn ò kúrò nínú ẹ̀wà.

Wọ́n ní, "Èmi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń fi ebi àti òùngbẹ dín ara kù kí wọ́n tó jà. Ó sọ fún mi pé òun wà nínú ààwẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń dọ́gbọ́n kó má bàa jẹ oúnjẹ mi. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nígbà yẹn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn. Mo ní Ọlọ́run ti dá mi lóhùn. Mo bá a gba ààwẹ̀ náà."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó lọ wọn ara, ó jókòó síbi tóo jókòó sí yìí. Ètè ẹ̀ ti bó. Ó bu omi sí kọ́ọ̀pù, ó ń wò ó, ó ní, 'Mọ́mì, díẹ̀ báyìí ni mo fẹ́ mu.' Èmi ni mo ní rárá. Mo ní kó má jẹ́ kí Sátánì gba èrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí ààwẹ̀ náà ti fẹ́ẹ̀ parí. Èmi ni mo gbé omi náà kúrò níwájú ẹ̀, tí mo dà á nù."

A gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti inú ilé ìwẹ̀, tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kó gbé apá sókè díẹ̀, kó rọra. Màmá Tíṣà mú òkúta wẹ́wẹ́ kan nínú ẹ̀wà, wọ́n jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi tí mo máa ń lérí pé mi ò lè dákẹ́, tí mo máa ń sọ pé màá tún sọ ọ́ bí wọ́n bá tún dá mi padà síbẹ̀, mo jókòó síwájú obìnrin náà, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Àwọn èèyàn ṣì máa ń sọ fún mi pé mo gbọ́n, pé èmi ni mo gba ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi là. Ìyá mi àti Màmá Tíṣà, ọmọ wọn ni àwọn méjèèjì ń wò, Ọlọ́run ni àwọn méjèèjì sì rò pé àwọn rí. Ìyá tèmi rán mi níṣẹ́, ìyẹn ni mo ṣe bá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé. Kò sẹ́ni tó rán Màmá Tíṣà lọ síbì kankan.